Ẹ bi wá nípa iṣẹ́ fítà: bíárìn tó ń kùn, bóòtù tó ń tú, rọ́bà kọ́pílìn tó ń di ìyẹ̀fun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀tà. Mọ́tò iná tó ń yí pọ́ǹpù wa ń lo bíárìn 6308 (òrùka irin méjì, inú àti ìta, tí bọ́ọ̀lù irin wà láàárín wọn). A pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. A tún ra òmíràn, bákan náà ló rí. Páìpù irin ni ọ̀gá mi fi ń gbá a wọlé, etí ìta bíárìn ni páìpù náà sì máa ń jókòó lé. Ọ̀gá ní ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, Ọ̀tà)

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, ó kún ọjà. Ṣùgbọ́n páìpù tó ń jókòó lé etí ìta tí ẹ mẹ́nu bà gbẹ̀yìn yẹn, òun la kọ́kọ́ fura sí.

Etí inú bíárìn ló ń fún pinpin mọ́ ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí nínú mọ́tò. Bí òòlù bá bà lé etí ìta, kí agbára rẹ̀ tó dé ibi tó fún yẹn, àárín àwọn ọmọ inú bíárìn, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù irin, ni yóò gbà kọjá. Ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti fara kan ojú ọ̀nà tó ń yí lé kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo ìyà òòlù á wá dá lórí ibi kékeré yẹn, á sì tẹ̀ wọlé. Ẹ kò ní rí i lójú, ẹ kò sì ní gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ tò ó. Ó di ìgbà tí mọ́tò bá ti ń yí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí ibi tó tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ẹ má bá ọ̀gá jiyàn, ẹ yẹ òkú bíárìn wò. Ẹ fi ẹ̀rọ ìlọ̀rin gé etí ìta rẹ̀ (ẹ wọ gọ́gùsì, irin yẹn le, ó máa ń fọ́n), ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ẹnu bírò tó ti gbẹ wọ́ ojú ọ̀nà náà yíká. Bí bírò bá ń fò níbi kan sí òmíràn, tí àlàfo àárín ibi tó ń fò sì bá àlàfo àárín ọmọ inú bíárìn mu régé, òòlù ló ṣe é. Ọwọ́ ẹni tó tà á mọ́.

Ẹ tún ka nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Nínú 6308, 6 ni pé ó jẹ́ bọ́ọ̀lù onílà kan, 3 ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe ki tó, 08 ni ẹ máa fi 5 sọ di púpọ̀ láti mọ ihò inú: 40 mm. (Láti 04 sókè ni ìṣirò yìí ti ń ṣiṣẹ́, 00 jẹ́ 10 mm, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17.) Ìta rẹ̀ 90 mm, fífẹ̀ rẹ̀ 23 mm. Lẹ́yìn nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà: 2Z ni pé ó ní ìdérí irin lójú méjèèjì, 2RS ni ti rọ́bà, C3 sì ni pé àyè tó wà nínú rẹ̀ ju ti déédéé lọ. Mọ́tò iná sábà máa ń béèrè C3, torí ṣáàfù máa ń gbóná, etí inú á fẹ̀, àyè inú á dín. Bí èyí tí ẹ yọ bá jẹ́ C3, tí èyí tí ẹ rà kò sì ní in, bíárìn náà lè fún pa ara rẹ̀ bí iṣẹ́ yín bá tilẹ̀ mọ́ bí ojú ọjọ́.

Bí a ṣe ń fi í sí rèé. Ẹ nu ṣáàfù mọ́, ẹ fi òkúta ìpọnbẹ tó kúnná pa gbogbo ibi tó yọ gọngọ. Ẹ fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta lórí ìjókòó bíárìn, kí ẹ yí i, kí ẹ tún wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ k6 (àmì ààlà ìwọ̀n tí ṣáàfù gbọdọ̀ wà láàárín rẹ̀) ni ìwé ẹ̀rọ náà wí, tí ó wọ́pọ̀ fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, kó wà láàárín 40.002 sí 40.018 mm. Ihò bíárìn fúnra rẹ̀ wà láàárín 39.988 sí 40.000. Ẹ ò rí i pé ṣáàfù sanra ju ihò lọ ní gbogbo ọ̀nà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ohun tó ń mú un wọlé láìlo òòlù ni ooru. Irin máa ń fẹ̀ ní bíi 0.012 mm lórí mítà kan fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá gbé bíárìn yìí láti 30°C dé 110°C, ihò 40 mm yóò fẹ̀ ní 0.038 mm. Ìfún tó le jù lọ tí a lè bá pàdé lókè yẹn jẹ́ 0.030 mm. Ọwọ́ lásán tó wọ ìbọ̀wọ́ ló máa tì í wọlé, á sì ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ ìgbónábíárìn ló dára jù. Bí kò bá sí, ìkòkò tí a da ọ́ìlì mímọ́ sí lórí sítóòfù tó, kí ẹ ṣáà fi wáyà gbé bíárìn rọ̀ kó má kan ìdí ìkòkò, kí tẹmọ́mítà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 120°C. Ẹ má gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ọn láé: apá kan á ti pọ́n kí apá kejì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, irin náà á sì pàdánù líle rẹ̀. Èyí tó ní ìdérí kì í wọ inú ọ́ìlì gbígbóná o, kò sì gbọdọ̀ ju 80°C lọ. Prẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ fi tì í, lórí etí inú nìkan.

Tó bá ti dé ẹsẹ̀ ìdíwọ́ ara ṣáàfù, ẹ dì í mú síbẹ̀ títí yóò fi tutù. Bó ṣe ń tutù ló ń sún kì, á fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ bí ẹ bá tètè fi í sílẹ̀. Bí kò bá ní ìdérí, ẹ fi gíríìsì kún inú bíárìn, ṣùgbọ́n inú ilé rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ti tó. Àwọn kan máa ń rọ ọ́ kún bí ẹni ń bu ẹ̀kọ fún àlejò; gíríìsì tó pọ̀ jù á máa lọ́, á máa gbóná, á sì jò wọ inú wáyà mọ́tò.

Bí ṣáàfù bá ti jẹ, tó wọ̀n 39.97 fún àpẹẹrẹ, ẹ má fi pọ́ǹṣì gún un lára kó lè wú, ẹ má sì gé agolo mílíìkì wé e. Ojú ibi tí ẹ gún nìkan ló ń di bíárìn mú, kò ní pẹ́ tó fi tẹ́. Ẹ gbé e lọ fún tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ láàtì gé irin, kó fi irin kún un, kó sì yí i padà sí ìwọ̀n.

Ní ti ayédèrú: bí ó bá jẹ́ SKF ni ẹ rà, ilé iṣẹ́ náà ní áàpù tó ń jẹ́ SKF Authenticate tí ẹ lè fi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ fi fáníà wọn fífẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. 23 mm ni, kì í ṣe 23 àti díẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ni mo ní n'Ìbàdàn. Bóòtù M12 (tó nípọn tó 12 mm) mẹ́rin ló di mọ́tò tó ń gbọn mọ́ldì mú. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ la ń fún wọn, wọ́n á tún tú. Mo ti fi sípíríǹgì wáṣà sí i, ọmọ mi sì ń fi páìpù kún ìdí sípánà kí ó lè le dáadáa. Méjì ti já. (Oníbúlọ́ọ̀kù, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ yọ páìpù yẹn kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà ná.

Bóòtù dà bí rọ́bà tó le. Bí ẹ bá fún un, ó ń nà díẹ̀, nínà yẹn ló sì ń fa irin méjèèjì mọ́ra. Bí ìfàmọ́ra yẹn bá tó, irin méjèèjì kò ní lè yọ̀ lórí ara wọn bí mọ́tò bá ń gbọ̀n. Bí kò bá tó, wọ́n á máa yọ̀ síwá sẹ́yìn, nọ́ọ̀tì á sì máa fi díẹ̀díẹ̀ yí padà lẹ́yìn ìyọ̀kọ̀ọ̀kan. Sípíríǹgì wáṣà kì í dá èyí dúró. Ìgbà tí bóòtù 8.8 (nọ́ńbà tó ń sọ bí irin bóòtù ṣe lágbára tó) bá fi máa dé ibi tó yẹ, wáṣà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò yàtọ̀ sí wáṣà lásán mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí bóòtù. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀, ẹ kà á sí irin rírọ̀, ẹ dà á nù. 8.8 ni kí ẹ rà. Kí ẹ fún un ní bíi 80 Nm (ìwọ̀n agbára yíyí), tí eyín rẹ̀ bá gbẹ, tí kò sì dógùn-ún. Ìyẹn á fa irin méjèèjì mọ́ra pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ fún bóòtù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi gíríìsì pa eyín rẹ̀, ẹ dín in kù sí bíi 65, torí ó ń yọ̀, 80 kan náà á nà án kọjá ààlà. Ó ṣeé ṣe kí èyí gan-an jẹ́ ohun tó já méjì yẹn: páìpù gígùn, gíríìsì lójú eyín, ọmọ tó lágbára.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ orí bóòtù. Ọ̀dà ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọ̀dà tó nípọn lábẹ́ wáṣà á máa pẹ́lẹ́ lójoojúmọ́, bóòtù á dẹ̀ láìjẹ́ pé nọ́ọ̀tì yí rárá. Ẹ ha á dé ojú irin lójú méjèèjì. Bí ihò bá ti di ẹyin, tí kì í ṣe róbótó mọ́, kò sí bóòtù tó máa dúró nínú rẹ̀: ẹ lu ú sí 17 mm, kí ẹ lo M16, tàbí kí ẹ jẹ́ kí wẹ́dà dí i, kí ẹ tún un lu.

Ní báyìí ni Loctite, oje tó ń lẹ eyín bóòtù mọ́ nọ́ọ̀tì, wá wúlò. Ẹ fi bureeki-kílínà fọ bóòtù àti nọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kán 243, aláwọ̀ búlúù, sí ibi tí nọ́ọ̀tì máa jókòó sí, kì í ṣe ẹnu bóòtù. Ẹ fún un dé 80 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má pa dà tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú fún wákàtí 24. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, tí irin sì wà, ni oje yẹn ti ń le. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ṣẹ́ kù síta fi máa ń tutù bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ẹyin. Ẹ má ra 270 fún iṣẹ́ yìí: kí ẹ tó tú u, ẹ máa fi iná gbóná rẹ̀ dé nǹkan bíi 250°C, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà mọ́tò. Nọ́ọ̀tì onínáílọ́ọ̀nù náà dára, bí ibẹ̀ kò bá ti gbóná ju 120°C lọ, tí eyín bóòtù bá sì yọ méjì ó kéré tán lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Níkẹyìn ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì kọjá sára irin. Lárààárọ̀, ẹ wo ìlà yẹn dípò kí ẹ fún un. Bí ìlà bá ṣì tọ́ ṣùgbọ́n tí bóòtù dẹ̀, ojú irin ló ń pẹ́lẹ́. Bí ìlà bá yà, nọ́ọ̀tì ló ń yí. Àrùn méjì ni wọ́n, ògùn wọn kò pa pọ̀.

Ìbéèrè: Mo ń ṣiṣẹ́ títo ẹ́ńjìn ní Coventry. Ìwé iṣẹ́ wa ní kí a fún bóòtù orí ẹ́ńjìn ní 60 Nm, kí a sì tún yí i ní 90°. Kí ló dé tí wọn ò kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo? Ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n máa fa torque wrench (sípánà tó ń dún bí agbára bá dé iye tí a yàn) títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Coventry)

Ìdáhùn: Nínú gbogbo agbára tí ẹ fi ń yí bóòtù, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń nà án. Ìdajì ń bá ìlọra abẹ́ orí bóòtù lọ, ìyókù ń bá ti eyín lọ. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ lórí ọ̀kan, tí òmíràn gbẹ, Nm kan náà á fún yín ní ìnà méjì tó jìnnà síra. Ṣùgbọ́n igun yíyí kò bá ìlọra ṣe pọ̀. Bóòtù M10 tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ní 1.5 mm, bí ẹ bá yí i ní 90°, ó ti lọ síwájú ní 0.375 mm, ó gbẹ tàbí ó tutù. 60 Nm ni láti rí i dájú pé gbogbo ojú ti kan ara wọn. 90° ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ irú bóòtù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń nà kọjá ibi tó ti lè sún kì padà, nítorí náà bí ìwé bá ní tuntun, tuntun ni. Ẹ tẹ̀lé ètò ìwé: láti àárín lọ síta, 60 lórí gbogbo wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ 90° lórí ẹyọ kan.

Ti dídún ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ó ń kún un. Ẹ di ìdí torque wrench mú láàárín, ẹ fà á jẹ́jẹ́, ẹ dúró ní dídún àkọ́kọ́. Bí ẹ bá parí, ẹ dá a padà sí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pátápátá lórí òṣùwọ̀n, ẹ má tú u kọjá ibẹ̀. Ẹ má fi tú bóòtù láé. Bí kò bá sí ètò míràn nílé iṣẹ́ yín, ìlànà àgbáyé ISO 6789 ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù 12 tàbí fífà 5000, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ wo lẹ ń kà lára rẹ̀: 80 lójú ft-lb (ìwọ̀n agbára yíyí ti àtijọ́) jẹ́ 108 Nm.

Ìbéèrè: Rọ́bà àárín kọ́pílìn wa (ohun tó so ṣáàfù mọ́tò mọ́ ti pọ́ǹpù) kì í lò ju oṣù kan lọ, á ti di ìyẹ̀fun dúdú nílẹ̀. Mọ́tò àti pọ́ǹpù ni, 1450 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. A ti pààrọ̀ rọ́bà náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. (Agbára, ìpínlẹ̀ Ògùn)

Ìdáhùn: Mọ́tò àti pọ́ǹpù kò wo ojú ara wọn. Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́pílìn, ẹsẹ̀ mọ́tò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún bóòtù ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ gbé dial gauge (géèjì olọ́wọ́ tó ń fi ìsún kékeré hàn) lé orí ẹsẹ̀ kan, ẹ tú bóòtù ẹsẹ̀ yẹn nìkan. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sún ju 0.05 mm lọ, ẹsẹ̀ náà kò tẹlẹ̀. Ẹ fi ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín) tó tó iye yẹn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó fo ibí yìí máa ń fi odidi ọ̀sán wá ìtọ́, torí bí wọ́n ṣe ń fún bóòtù ni mọ́tò ń rọ́ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ so dial gauge mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdajì kọ́pílìn, kí ẹnu rẹ̀ wà lórí èkejì, kí ẹ sì yí méjèèjì pọ̀. Ẹ sọ ọ́ di òdo lókè, ẹ kà á nísàlẹ̀. Ohun tí ẹ kà jẹ́ ìlọ́po méjì ìyàtọ̀ gidi: bí ó bá kà 0.40, mọ́tò fi 0.20 ga jù tàbí kéré jù. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣíìmù tún ṣe, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ní iyára yìí, bí ẹ bá dé 0.10 mm tàbí kó dín, ẹ ti ṣe dáadáa. Ṣíìmù kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ kan. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á dà bí fóòmù ibùsùn, mọ́tò á máa jó lórí wọn. Ẹ fi èyí tó nípọn rọ́pò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ẹ fi dial gauge sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá fún bóòtù páìpù tó wọ pọ́ǹpù. Bí ọwọ́ gauge bá sún ju 0.05 lọ, páìpù ló ń fa pọ́ǹpù kúrò nípò. Ẹ gé páìpù, ẹ tún un so. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà, ibí yìí ni rọ́bà márààrún ti lọ.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi ti parí girama, ó ní iṣẹ́ fítà lòun fẹ́. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí la sì máa rà fún un? (Ìyá ọmọ, Ṣágámù)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, kó ṣe ìdánwò NABTEB. Tàbí, bí èsì rẹ̀ bá gbà á, kó lọ fún ND ní pólì, irú Yábàtẹ́ẹ̀kì. Èkejì ni kó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n kó má fi fírídọ́ọ̀mù nìkan ṣe ìwé ẹ̀rí: kó lọ ṣe tréètì tẹ́ẹ̀sì ìjọba àpapọ̀, Gíréèdì 3 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 1. Ilé iṣẹ́ ńlá máa ń béèrè rẹ̀.

Ní tiwa, ohun tó máa ya á sọ́tọ̀ ni pé kó mọ̀wé yíyà ẹ̀rọ kà. Ẹni tó bá rí Ø40 k6 lórí ìwé, tó mọ̀ pé ohun tó ń sọ kọjá 40 lásán, kò ní wáṣẹ́ pẹ́.

Ẹ ra fáníà 150 mm tó ń kà dé 0.02 fún un, fílà géèjì tó bẹ̀rẹ̀ láti 0.05, sípánà 8 sí 24, àti áláǹkíì. Ó tó ná. Torque wrench kò tíì kàn án, ti ilé iṣẹ́ ni yóò máa lò. Kó bọ́ yẹtí, òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ sílé, kó sì di irun rẹ̀ mọ́ inú fìlà tó fún. Ìbòrí tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò bá ṣáàfù tó ń yí ṣeré. Ẹni tó bá sì ní obìnrin kò lágbára fún un, ẹ ní kó lọ ka ìdáhùn bíárìn lókè. Ọwọ́ lásán ló tì í wọlé.

Ìbéèrè: Mo ra bóòtù ìdajì ínǹṣì fún ẹ̀rọ láàtì àtijọ́ kan. Ó wọlé bíi yíyí mẹ́ta, ó wá há. (Tọ́nà, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ má fipá yí i. Ó jọ pé láàtì yín jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, eyín Whitworth, èyí tí Joseph Whitworth gbé jáde ní 1841, ni ó sì ní. Ìdajì ínǹṣì ti Whitworth ní eyín 12 nínú ínǹṣì kan. UNC ti Amẹ́ríkà, tó kún ọjà, ní 13. Ní 3/8 àti 5/8 ẹ̀wẹ̀, iye eyín wọn dọ́gba, á wọlé tààrà, ìyẹn gan-an ló sì léwu: igun eyín ti Whitworth jẹ́ 55°, ti UNC 60°, etí díẹ̀ ló ń fara kan ara wọn, kò ní gbé ẹrù. Ẹ ra géèjì eyín, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wá sípánà rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n kọ 1/2W sí lára, ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ìdajì ínǹṣì, bíi 23.4 mm ni. Bí ẹ bá gbé 24 lé e, á fò lórí rẹ̀, á sì jẹ gbogbo igun rẹ̀.